Ẹ Kí Mítà Kí Ẹ Tó Bi Í Léèrè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe pé ẹnì kan tì mí, kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é, mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é lọ.

Bàbá mi ni gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Bàbá Oníná. Ọdún méjìlélógójì ló fi ń tún iná ṣe nílé onílé, ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ọ̀kan wà tí kò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́. Èmi ni àkọ́bí Bàbá, èmi nìkan ni mo sì tẹ̀ lé e dé ìdí iṣẹ́ náà nínú àwa ọmọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé e kiri. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, tó ní tí oṣù yẹn bá parí òun máa jókòó sílé, òun á sì fa ṣọ́ọ̀bù lé ẹnì kan lọ́wọ́, ta lẹ rò pé mo rò pé ẹni náà máa jẹ́? Mo tiẹ̀ ti yan ibi tí màá gbé àga mi sí.

Àmọ́ Bàbá ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ò ju "Mò ń wò yín" lọ. Ẹ gbọ́ mi o! Ó ń wo àwa mélòó? Àwa méjì péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù: èmi, àti ọkọ àbúrò mi.

Ọkọ àbúrò mi ò ju oṣù mẹ́jọ lọ lọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló pa títì, ni àbúrò mi bá wá bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kó wá kọ́ṣẹ́. Ó ga fíofío, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo nǹkan tí Bàbá bá sì sọ ló máa ń kọ sínú ìwé pélébé kan. Mi ò gba tẹni tó ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ sínú ìwé. Ṣé ìwé náà ló máa bá a tú nọ́ọ̀tì ni?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ṣọ́ọ̀bù wa fún yín, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Mítà ni ẹ̀rọ kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́, tó ní wáyà méjì, pupa kan, dúdú kan. Tí o bá fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ibi tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, nọ́ńbà á jáde lójú rẹ̀, wàá sì mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bàbá ní àgbà ni mítà, ọmọ gidi kì í já wọlé bá àgbà kó máa bi í ní ìbéèrè láìkí i. Nítorí náà, wàá kọ́kọ́ kí i. Wàá gbé e lọ sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó o mọ̀ dájú pé iná wà níbẹ̀, wàá fi ẹnu rẹ̀ kàn án. Tó bá pe igba ó lé ogún, ó ti jí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wàá wá gbé e dé ibi iṣẹ́, tí wàá bi í. Tó bá ní òdo ni, má tíì gbà á gbọ́. Padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, kí o dágbére fún un. Tó bá tún dá ọ lóhùn níbẹ̀, ìgbà yẹn ni kí o tó na ọwọ́ rẹ.

"Mítà kì í parọ́," Bàbá máa ń wí, "àmọ́ ó lè kú sí ẹ lọ́wọ́ kí o má mọ̀. Òkú mítà, òdo ló máa ń pè níbi gbogbo."

Ẹ wá wo ọkọ àbúrò mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wọn bí iná tí mọ́tò fáànù kan ń fà ṣe pọ̀ tó. Wáyà pupa máa ń yí ihò padà fún irú iṣẹ́ yẹn, ihò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ lára mítà. Nígbà tó parí, kò dá wáyà pupa padà sí ihò tó ti kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé mítà náà lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ó fi ẹnu wáyà kàn án. Gbàù! Iná kọ mànà, fíúùsì inú mítà jó, orí wáyà dúdú bí èédú, ọkọ àbúrò mi sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó pé. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Gbàù. Kò pẹ́ tí aránbàtà tó wà lódìkejì wa náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì yá, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun á kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, á tẹrí ba sórí iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé kò dùn ún ni. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: mi ò rò ó rárá.

Nǹkan tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mi ò rí i kó kí mítà rí. Kó tó bi í, tó bá sì bi í tán, á lọ sí kọ̀rọ̀ kan, á kẹ̀yìn sí wa bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì padà dé. Mo lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Bàbá.

"Bàbá, ọkọ ọmọ yín kì í kí mítà o."

"O ti rí i pé kò kí i?"

"Mo ti rí i pé mi ò rí i kó kí i."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun gbé omi wá. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo ní ó dáa, màá fi hàn yín.

Ètò mi ò le rárá. A máa lọ tún ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ṣe lọ́jọ́ kejì nílé ìfọṣọ ńlá tó wà nísàlẹ̀ òpópó, Bàbá náà sì máa bá wa lọ. Màá fi wáyà tó ti já nínú pààrọ̀ wáyà dúdú mítà Gbàù. Tó bá débẹ̀, á bi mítà, mítà á ní òdo, òun náà á ní "Kò síná." Ìgbà yẹn ni màá wá bọ́ síwájú, màá ní, "Ṣé o ti kí i?" Màá gbé mítà rẹ̀ lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fáànù ń yí lára rẹ̀, níṣojú Bàbá, mítà á tún ní òdo, gbogbo ayé á mọ̀ pé òkú ló ń bi ní ìbéèrè. Ṣọ́ọ̀bù á di tèmi. Ewu ńkọ́? Ewu wo? Èmi fúnra mi ni màá pa iná ẹ̀rọ náà kó tó débẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

Wáyà tó já náà wà lọ́wọ́ mi. Ara rẹ̀ ń dán lóde, àmọ́ ẹ̀mí ti bọ́ nínú rẹ̀, ó ti já níbi ọrùn. Ó ti lé lọ́dún méjì tí Bàbá ti ní kí n gé e sí wẹ́wẹ́ kí n dà á nù kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó. Ahun ni mí, orí rẹ̀ ṣì dára, mo tọ́jú ẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Gbàù lọ pọnmi, mo pààrọ̀ rẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ilé ìfọṣọ yẹn gbóná, òórùn ọṣẹ gba ibẹ̀ kan, omi sì wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló tò sára ògiri, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Èyí tí wọ́n kọ mẹ́ta sí lára ló bà jẹ́. Wáyà rẹ̀ ti ara ògiri wọ inú rẹ̀ tààrà, kò ní ohun tí èèyàn lè fà yọ, àfi kéèyàn lọ pa á níbi bírékà, ìyẹn bọ́tìnnì inú àpótí iná. Ìyá Onífọṣọ, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́ta, gbé àga fún Bàbá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Èmi kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí àpótí bírékà wà. Nọ́ńbà wà lára bírékà kọ̀ọ̀kan. Mo wá èyí tí wọ́n kọ mẹ́ta sí, mo pa á, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ kẹ́nikẹ́ni má tàn án.

Mítà tèmi so mọ́ mi nídìí. Mi ò bi í. Kí ni mo fẹ́ bi í? Mo rí nọ́ńbà mẹ́ta, mo pa nọ́ńbà mẹ́ta.

"Mo ti pa á o," mo pariwo bí mo ṣe ń bọ̀.

Gbàù ti kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, omi ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó tú ìdérí ẹ̀yìn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́jẹ́. Mo káwọ́ gbera, mo dúró síbi tí màá ti rí ojú rẹ̀ dáadáa. Inú mi ń dùn, kí n má parọ́. Ní ẹ̀yìn mi, Ìyá Onífọṣọ ń bá Bàbá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ò yọ mí lẹ́nu nígbà tó wà lọ́hùn-ún o. Àfìgbà tí a gbé e wá síbí."

"Ẹ gbé e wá ni?" Bàbá bi í.

"Nígbà tí wọ́n tún sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ṣe ni, Bàbá. Gbogbo wọn la kó jáde. Nígbà tí a máa dá wọn padà, èyí tí wọ́n kọ márùn-ún sí bọ́ sáàyè kẹta, èyí tí wọ́n kọ mẹ́ta sí bọ́ sáàyè karùn-ún. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ṣáà ni gbogbo wọn."

Mo wo ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ márùn-ún sí lára ló wà lọ́hùn-ún, láàyè kẹta, òfìfo, kò sí aṣọ nínú rẹ̀, kò dún. Àyè ni bírékà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe nọ́ńbà ara ẹ̀rọ: òun ni mo lọ pa iná rẹ̀. Iná ẹ̀rọ tó wà níwájú ọkọ àbúrò mi wà níbẹ̀ digbí.

Òun sì ti fi ẹnu mítà kàn án. Mo rí nọ́ńbà náà láti ibi tí mo dúró sí. Òdo.

Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí mítà fi ní òdo, àfi èmi. Igba ó lé ogún ló wà níbẹ̀ tó ń retí ìka ọwọ́ rẹ̀, òun tún kúnlẹ̀ sínú omi. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkàn mi kọ́kọ́ sọ fún mi, ọkàn burúkú. Ó ní: tó o bá pariwo, Bàbá á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ rántí, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù ni. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ mi ò tíì dárí ji ara mi fún un títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni ohùn mi jáde. "Má fọwọ́ kàn án! Má fọwọ́ kàn án, mo bẹ̀ ọ́!"

Ó ti dìde kí n tó pariwo. Ó ti kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà, ó ń lọ sí kọ̀rọ̀, síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fáànù ńlá ń yí lára rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa bó ṣe máa ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu mítà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá rí i wàyí. Ó ń dágbére. Láti ẹ̀gbẹ́, mo tiẹ̀ rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

Fáànù ń yí, mítà ní òdo. Ó wo fáànù, ó wo mítà. Ó fa wáyà dúdú náà sójú, ó fi àtàǹpàkò wá ọrùn rẹ̀. Ọrùn wáyà tirẹ̀ ní òwú pupa kan tó ti wé mọ́ ọn láti ọjọ́ tó rà á. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wáyà yìí ò ní òwú. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Kí ló dé?" Bàbá bèèrè. "Àkọ́bí, kí lo ń pariwo sí?"

Kí n tó ya ẹnu, Gbàù ti dáhùn. "Wáyà mítà mi ló ti já, Bàbá. Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kí i láàárọ̀, mi ò tún un kí nígbà tí a débí."

Ó ká wáyà náà, ó kì í bọ àpò. Ó bò mí láṣìírí. Èmi tí mo sọ ọ́ ní Gbàù fún ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ sí mítà tèmi, mo tú u fún un. Ó kí i níbi fáànù, ó rọra fi ọwọ́ wá ògiri dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó fi ẹnu mítà kàn án, ó ní kí Gbàù bá òun wo ojú mítà. "Igba ó lé ogún," Gbàù kà á jáde. Ìyá Onífọṣọ ní "Yéè!" ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ta ló pa bírékà?" Bàbá bèèrè.

"Èmi ni," mo ní. "Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé, mi ò bi mítà."

Mo lè dúró síbẹ̀. Àṣìṣe ni, kò sí oníṣẹ́ tí kì í ṣe é, Bàbá á bá mi wí, ọ̀rọ̀ á tán. Wáyà wà lápò Gbàù, òun náà ò sì ní sọ. Ṣọ́ọ̀bù ṣì lè di tèmi. Mo wo omi tó ń kán láti etí ṣòkòtò rẹ̀, mo bá rí i pé mi ò lè gbé àga kankan síbì kankan kí n jókòó lórí ẹ̀.

"Èmi náà ni mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀," mo ní. "Wáyà tí ẹ ní kí n gé nù. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú yín ni. Bàbá, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ àbúrò mi."

Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀, ẹkún gidi, kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Ìyá Onífọṣọ ò mọ̀ bóyá kí òun nà mí tàbí kí òun nu imú mi. Bàbá ní kí Gbàù lọ pa bírékà karùn-ún. Wọ́n kí mítà, wọ́n bi í, wọ́n dágbére fún un, wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Èmi ń na irinṣẹ́ sí wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá mú mítà tirẹ̀ tó ti fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé, ó gbé e lé Gbàù lọ́wọ́.

"Bàbá, Ẹ̀gbọ́n mọ iṣẹ́ jù mí lọ o," Gbàù ní.

"Mo mọ̀," Bàbá dáhùn. Kò gba mítà náà padà.

Ó wá na sísọ́ọ̀sì sí èmi. Mo jókòó sílẹ̀, mo gé wáyà burúkú yẹn sí wẹ́wẹ́, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò gùn ju èékánná mi lọ. Gbàù jókòó tì mí, ó ń ṣa wọn sínú agolo.

"Ìgbà wo lo ti ń kí mítà?" mo bi í.

"Láti ọjọ́ tó bú gbàmù lọ́wọ́ mi yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kan nǹkan láìdágbére."

"Kí ló dé tó o máa ń kẹ̀yìn sí wa?"

Ó ju wẹ́wẹ́ wáyà kan sínú agolo. "Mo máa ń kí i sókè ni, kí n má baà gbàgbé. 'Ẹ káàárọ̀ o. Ó dàbọ̀ o.' Mo rò pé tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń kí ike, ẹ máa fún mi lórúkọ mìíràn."

Òótọ́ ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, orúkọ kan tiẹ̀ ti wá sí mi lẹ́nu, orúkọ tó dùn gan-an. Mo gbé e mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá tuntun gbé mítà Bàbá fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i."

Mo fi ẹnu rẹ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kí i sókè, Ẹ̀gbọ́n. Báyìí la ṣe máa ń ṣe é níbí wàyí." Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀ o!" mo kígbe. Aránbàtà tó wà lódìkejì gbọ́, ó dìde láti wo ẹni tí mò ń kí, ó rí èmi àti ike, ó sì gba ilé lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo òpópó ti sọ mí ní Ẹ-káàárọ̀-Mítà. Àwọn ọmọ àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pariwo rẹ̀ jù. Tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń dáhùn. Wọ́n ṣì ní bàbá tó ń gbé wọn sí èjìká wálé láti ṣọ́ọ̀bù.